Ojú ọ̀tún la ṣe, a fi tòsì sílẹ̀: ìfiwéra cross-linking àti àwọn ọ̀nà yòókù bí kọ́níà bá yọ ṣóńṣó

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí mo dúró sí ìkòríta Ọláìyá ní Òṣogbo, ojú méjì tí mo ní kì í rí ohun kan náà. Bí mo bá fọwọ́ bo ọ̀tún, ọ̀kadà tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, iná kan ló ní, àfi irùngbọ̀n tín-ín-rín tó ń rọ̀ nísàlẹ̀ iná náà. Bí mo bá fọwọ́ bo òsì, iná kan ṣoṣo yẹn a di mẹ́ta, ọ̀kan gun orí ìkejì, bí àdìrẹ tí aṣọ rẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀tún yìí ni wọ́n ṣe cross-linking fún, ìyẹn iṣẹ́ tó ń mú kọ́níà le sí i. Òsì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àwọn tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ a bi mí pé, "Kí wá lowó tí ẹ ná ṣe, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí ẹ ò ṣe ló ń ríran jù?" Mi ò bínú sí ìbéèrè yẹn, torí èmi náà bi dókítà bẹ́ẹ̀ rí. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé keratoconus, àìsàn tó ń mú kọ́níà yọ ṣóńṣó, ló ń bá ojú rẹ̀ jà, tí kò sì mọ èyí tí òun ó mú: cross-linking ni o, ṣíṣọ́ ojú náà ni o, lẹ́ǹsì ni o, àbí kó máa tọ́jú owó de ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ kọ́níà.

Kí ló yọ ṣóńṣó?

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó bo dúdú ojú níwájú, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Kò nípọn rárá. Láàárín gbùngbùn, nǹkan bíi 540 máíkírọ́ọ̀nù ni, ìyẹn ìdajì mìlímítà àti díẹ̀. Ó yẹ kó rí roboto bí ẹ̀yìn ìgbakọ. Nínú keratoconus, ó ń fẹ́lẹ́ sí i, agbára rẹ̀ ń dín kù, ó wá ń yọ síta ṣóńṣó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba irú ibẹ̀ kọjá a fọ́n ká. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ojú méjèèjì ló sì máa ń mú, ṣùgbọ́n ọ̀kan a máa ṣíwájú èkejì. Bí èèyàn bá ti ń súnmọ́ ogójì ọdún, lọ́pọ̀ ìgbà, á dẹsẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kì í fọ́ni lójú pátápátá bíi ti gúlákómà, àmọ́ ó lè gba ìwé kíkà àti ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ èèyàn.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí tèmi fara hàn. Ilé awò kan pààrọ̀ awò fún mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì àtààbọ̀. "Nọ́ńbà ojú rẹ ti gòkè" ni wọ́n ń wí nígbà kọ̀ọ̀kan. Mo sanwó, mo gba awò, oṣù mẹ́ta kì í pé tí lẹ́tà tún fi ń ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí sílíńdà awò ọmọ ogún ọdún ń fò sókè bẹ́ẹ̀, sílíńdà ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ fún ojú tí kò rí roboto. Ó ń dùn mí títí dòní, torí àkókò yẹn gan-an ni ọ̀tún fi sá lọ. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ awò fún ọ̀dọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí kò sì rí i kedere síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ kọ́níà rẹ̀ wò kí ẹ tó ra ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo wá dé ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tan iná sí mi lójú, ó dákẹ́, ó tún un tàn. Ó ní, "Ṣé o máa ń ra ojú?" Kí n tó lanu, ìyá mi ti dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Dókítà, ó ń ra á bí ẹni ń fọ àdìrẹ ni."

Òótọ́ ni. Láti kékeré ni ojú ti ń yún mi, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ojú tó ń yúnni àti ọwọ́ tó ń rà á, àwọn dókítà ti mọ̀ pé wọ́n ń bá keratoconus rìn. Ó tún máa ń wà nínú ẹbí míì.

Ṣé ó ń rìn, àbí ó ti dúró?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú gbogbo yíyàn. Ojú kan lè máa ṣe bàìbàì gan-an kó sì ti dúró láti ọdún márùn-ún. Òmíràn lè máa ríran kedere lónìí, kó máa sá lọ lábẹ́lẹ̀. Èyí tó ń sá lọ ni cross-linking wà fún.

Ẹ̀rọ tó ń ya máàpù kọ́níà ló ń sọ èyí tó jẹ́. Nǹkan méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ lórí ìwé rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni K-max, ìyẹn bí ibi tó yọ jù lára kọ́níà ṣe ga ṣóńṣó tó. Dioptre ni wọ́n fi ń kà á. Àárín kọ́níà tí kò ní wàhálà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 43 tàbí 44. Èkejì ni bí ibi tó fẹ́lẹ́ jù ṣe nípọn tó. Tèmi nìyí, oṣù mẹ́sàn-án ló wà láàárín àyẹ̀wò méjèèjì:

| | Ojú ọ̀tún | Ojú òsì |
|---|---|---|
| K-max, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ | 51.8 | 46.7 |
| K-max, àyẹ̀wò kejì | 53.6 | 46.8 |
| Ibi tó fẹ́lẹ́ jù, àkọ́kọ́ | 471 | 503 |
| Ibi tó fẹ́lẹ́ jù, ìkejì | 452 | 502 |
| Ìpinnu | cross-linking | ṣíṣọ́, oṣù mẹ́fà mẹ́fà |

Bí K-max bá fi dioptre kan lé láàárín ọdún kan, ọ̀pọ̀ dókítà ló máa sọ pé ojú náà ń rìn. Ọ̀tún mi ti rìn kọjá bẹ́ẹ̀ kí ọdún tó yí. Ní ti òsì, 0.1 yẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ṣì í kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ya méjèèjì. Èyí tí ẹ yà ní Òṣogbo àti èyí tí ẹ yà ní Ìbàdàn lórí ẹ̀rọ tó yàtọ̀, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn tààrà. Bí ẹ bá sì ń lo lẹ́ǹsì, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ẹ máa fi bọ́ ọ sílẹ̀ ṣáájú, torí lẹ́ǹsì a máa tẹ kọ́níà, máàpù á wá purọ́ fún yín.

Ọjọ́ orí náà ń yí ìdájọ́ padà. Ní Britain, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní KERALINK, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Ọ̀dọ́ 60 ló wà nínú rẹ̀, láti ọmọ ọdún 10 sí 16, keratoconus gbogbo wọn ló ń rìn. Wọ́n ṣe cross-linking fún apá kan, wọ́n fi awò àti lẹ́ǹsì nìkan tọ́jú apá kejì. Lẹ́yìn oṣù 18, nínú 30 tí wọ́n ṣe é fún, ojú ẹni 2 péré ló ṣì ń burú sí i. Nínú 28 tí wọn ò ṣe é fún tí wọ́n sì rí èsì wọn, 12 ló burú sí i. Ẹ tún un kà: ti 16 nínú àwọn tí wọn ò ṣe cross-linking fún kò burú sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ máa ṣọ́ ojú yín kò fi dandan jẹ́ aláìmọ̀kan. Ó kàn yẹ kí ṣíṣọ́ jẹ́ ṣíṣọ́ lóòótọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti máàpù. Kí a lọ jókòó sílé ká máa retí, ìyẹn ti yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi, tí kò tíì pé ogún ọdún, tí máàpù méjì sì fi hàn pé ojú ń rìn, mi ò ní dúró de ẹ̀kẹta. Ẹni ọdún 38 tí máàpù rẹ̀ kò sún láti ọdún mẹ́ta ńkọ́? Kó fi owó rẹ̀ ra lẹ́ǹsì tó dára.

Sítáàṣì kì í ya àwòrán

Ìlú Dresden ní Jámánì ni cross-linking ti wá. Wollensak, Spoerl àti Seiler ló gbé èsì àkọ́kọ́ lára àwọn aláìsàn jáde ní 2003. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2016. Ohun tí wọ́n ń lò kò ṣàjèjì: fítámì B2 tí wọ́n ń pè ní riboflavin, òun náà ló ń sọ ìtọ̀ di aláwọ̀ ìyeyè bí èèyàn bá gbé B-complex mì. Wọ́n á kán an sójú títí á fi mu kọ́níà yó, wọ́n á wá tan ìtànṣán UVA, irú èyí tó ń bá òòrùn wá, sí i. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, àwọn fọ́nrán inú kọ́níà á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara wọn, kọ́níà á le sí i.

Àdìrẹ ni ìyá mi ń ṣe, nítorí náà ohun tí mo lóye nìyí: bí a bá fi sítáàṣì sí aṣọ, aṣọ á dúró bí a ṣe tẹ́ ẹ. Bó bá ti ká jọ kí sítáàṣì tó gbẹ, kíká jọ náà ló máa dúró. Kò sì sí sítáàṣì tó ń tún àwòrán ara aṣọ yà. Cross-linking ò jìnnà sí ìyẹn, àfi pé omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ń mú ojú dúró síbi tó bá a.

Ìdáhùn tí dókítà fún mi nìyẹn nígbà tí mo bi í. Ó ní, "Ọ̀tún rẹ ò ní dà bí òsì. Ohun tí à ń lé ni kó má di ohun tó burú ju báyìí lọ." Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, K-max máa ń fi bíi dioptre kan tàbí méjì wálẹ̀ láàárín ọdún kan, ìríran a sì dára díẹ̀. Ènì nìyẹn jẹ́. Ẹ má torí ènì ra ọjà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ó sọ awò nù lẹ́yìn cross-linking, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ó tún ní àwọn tí kò yẹ kí wọ́n ṣe é fún: aláboyún, ẹni tí kòkòrò àrùn herpes ti bá kọ́níà rẹ̀ jà rí, ẹni tí kọ́níà rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, àti ẹni tí àpá ti bo ọ̀gangan ibi tó fi ń ríran.

Kí wọ́n bó awọ òkè, àbí kí wọ́n má bó o?

Bí ẹ bá ti gbà láti ṣe é, ibí ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ ní kí ẹ mú ọ̀kan. Kọ́níà ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lókè tí kì í jẹ́ kí riboflavin wọlé dáadáa. Ọ̀nà ti Dresden ni kí wọ́n bó awọ yẹn kúrò láàárín ojú, á tún hù padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀nà kejì fi í sílẹ̀, wọ́n á lo riboflavin tí wọ́n ṣe lọ́nà tó lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Bíbó máa ń dunni, ewu kí kòkòrò wọ ojú sì pọ̀ sí i níwọ̀n ìgbà tí egbò bá ṣì wà. Àìbó rọrùn, ara a tètè balẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó wà lórí bíbó pọ̀, ó sì ti pẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àìbó ti àtijọ́ kì í wọlé jinlẹ̀ tó, torí awọ òkè yẹn ń dí oògùn lọ́nà, ó ń gbé lára ìtànṣán mì, ọ́síjìn kì í sì í tó nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ti ń fẹ́ ọ́síjìn sójú nígbà iṣẹ́ láti fi bo àléébù yẹn. Fún ojú tó ń sá lọ kíákíá, bíbó ni mo mú, n ó sì tún mú un lọ́la. Ìrora ọjọ́ mẹ́ta kò tó ohun tí mo lè fi ogójì ọdún ìríran pààrọ̀. Ọmọdé tí kò lè fara balẹ̀ tàbí ẹni tí kọ́níà rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an lè ní ìdí láti bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí èkejì.

Ti àkókò kò le tó bẹ́ẹ̀. Ti Dresden, 30 ìṣẹ́jú ni fún kíkán oògùn, 30 ìṣẹ́jú fún iná tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3 mW/cm². Èyí tó yá, wọ́n á gbé iná lọ sí 9 mW/cm² fún ìṣẹ́jú 10. Àpapọ̀ agbára tó wọ ojú jẹ́ ọ̀kan náà, 5.4 J/cm². Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, ibi púpọ̀ ló sì ti gba èyí tó yá. Èyí tí dókítà yín mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó ṣe.

Ohun tí kò gba àwàdà ni nínípọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bó awọ òkè, ó yẹ kí ohun tó kù tó 400 máíkírọ́ọ̀nù, kí ìtànṣán má bàa kan awọ inú lọ́hùn-ún, torí ìyẹn ò lè hù padà. Bí kò bá tó, wọ́n ní riboflavin kan tó ń mú kọ́níà wú díẹ̀ kí wọ́n tó tan iná.

Ní Èkó ni mo ti ṣe tèmi. Wọ́n kán oògùn tó mú ojú kú tipiri, wọ́n fi wáyà kékeré kan há ìpéǹpéjú kí n má lè ṣẹ́jú. Mo rí búrọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó kàn dà bíi pé ẹnì kan ń fi aṣọ tútù nu ojú fèrèsé, èmi sì wà lẹ́yìn gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni kíkán bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, gbogbo nǹkan di àwọ̀ ìyeyè. Kí wọ́n tó tan iná, wọ́n tún wọn ojú náà. Nọ́ọ̀sì kà á sókè: "407." Dókítà ní, "A ṣì wà lókè." Nọ́ńbà yẹn ni mo ń rántí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n jẹ́ kí ọdún yìí kọjá ná. Máíkírọ́ọ̀nù méje ló kù sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, iná búlúù kan bíi orí abẹ́rẹ́, tó ń fẹ̀ tó ń dín, fún 30 ìṣẹ́jú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́, títí oògùn ìkúra fi ń lọ, mo rò pé mo ti yege. Nígbà tó di alẹ́, ó dà bíi pé wọ́n fi ata rodo há mi sábẹ́ ìpéǹpéjú. Omi ń dà, imú ń ṣàn, ìmọ́lẹ̀ fóònù lásán ń gún mi. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Èkó ni mo wà, wọ́n sì mú iná lọ lóru yẹn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n mú iná lọ. Ọjọ́ kẹta, ó rọlẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n yọ lẹ́ǹsì báńdéèjì tí wọ́n fi bo ojú náà. Oògùn tó ń pa kòkòrò, oògùn tó ń pa ìwúlé, awò òòrùn. Ìríran mi bà jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún bí oṣù méjì, kùrukùru bò ó. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ǹ bá ti ké ìbòòsí.

Àwọn ewu rẹ̀ ni kí kòkòrò wọ egbò, kí awọ má tètè hù, kí kùrukùru má lọ, kí àpá kù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde láti Zurich ní 2009, ojú bíi 2.9% ló pàdánù ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí pátákó lẹ́táà, bíi 7.6% ni kọ́níà wọn sì tún ń yọ síbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn tó ti lé ní ọdún 35 tí wọ́n sì ń ríran dáadáa kí wọ́n tó ṣe é ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n pàdánù. Ẹni tí nǹkan pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni nǹkan lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọ̀rọ̀ omi. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí omi kankan má wọ ojú náà, ì báà ṣe ti ẹ̀rọ, ti kànga tàbí píọ̀ wọ́tà. Bí ó bá bọ́ sí oṣù kẹjọ tí à ń ṣọdún Ọ̀ṣun, ẹ bá wọn dé igbó, ẹ dúró lẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ bí odò náà ṣe rí láti ìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà ti ń da omi rú lókè odò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ewé, oyin tàbí ọmú sí i. Àǹtí kan gbé oyin wá fún mi, tìfẹ́tìfẹ́ ni. Mo fi jẹ búrẹ́dì.

Èyí tó wà fún ìríran

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú. Cross-linking àti lẹ́ǹsì kì í bá ara wọn dupò. Ọ̀kan ń dá ojú dúró, èkejì ń jẹ́ kó ríran, ẹlòmíràn sì nílò méjèèjì.

Awò tó bí ojú bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, bíi ti òsì mi. Lẹ́ǹsì rírọ̀ a máa tẹ̀lé bí kọ́níà ṣe rí, nítorí náà kì í ṣèrànwọ́ púpọ̀ bí ó bá ti yọ jáde gan-an. Lẹ́ǹsì líle kékeré ni ọba nídìí eléyìí: ó dúró roboto lójú, omijé kún àlàfo abẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wá rí ojú ọ̀nà tó dán gba wọlé. Wàhálà rẹ̀ ni eruku. Ẹ fi ọ̀kadà gba Òkè-Fíà kọjá nígbà ọyẹ́ pẹ̀lú lẹ́ǹsì líle lójú, iyanrìn kan ṣoṣo ti tó láti mú yín bọ́ọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́ǹsì ńlá tí wọ́n ń pè ní scleral kò gun kọ́níà rárá. Orí funfun ojú ló ń jókòó sí, omi iyọ̀ tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, eruku kì í ráyè wọlé bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n jù, wíwọ̀ rẹ̀ sì gba sùúrù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi líle kékeré sí. Ẹni tó ń lo ńlá tí mo mọ̀ ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má fi omi fọ lẹ́ǹsì, ẹ má fi itọ́ tọ́ ọ. Kòkòrò inú omi lè jẹ kọ́níà ju keratoconus lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi LASIK, iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n ń fi iná lésà ṣe, tún keratoconus ṣe fún yín, ẹ sá. Ó ń gé kọ́níà tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Pípààrọ̀ kọ́níà

Eduard Zirm ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tó yọrí sí rere lára ènìyàn, ní Olomouc, 1905. Lónìí, wọ́n lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lè fi awọ inú aláìsàn sílẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ ti iwájú nìkan, èyí tó ń dín ewu pé ara á kọ̀ ọ́ kù. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an fún ẹni tí àpá ti bo kọ́níà rẹ̀ tàbí tí lẹ́ǹsì kò dúró lójú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ cross-linking: wákàtí kan àti ọjọ́ mẹ́ta ìrora lápá kan, lápá kejì, òwú ìránṣọ tó lè wà lójú fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn kíkán fún ìgbà pípẹ́, ìbẹ̀rù ojú pípọ́n fún ìyókù ayé, kọ́níà olóògbé tó ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, àti pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, awò tàbí lẹ́ǹsì ṣì lè pọn dandan. Kò yẹ kí ọmọ ogún ọdún dé ibẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ya máàpù fún un.

Láti Òṣogbo, báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ilé ìwòsàn ńlá: ti UNIOSUN níbí, tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ máàpù ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ gba ìwé máàpù yín sọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn ilé ìwòsàn ojú aládàáni wà ní Èkó tó ń ṣe cross-linking.

Owó ojú kan ni wọ́n sábà máa ń pè. Ẹ bi wọ́n bóyá lẹ́ǹsì báńdéèjì, oògùn àti ìpadàwá oṣù kan, mẹ́ta, mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Mi ò béèrè, mo sì san ìpadàwá lọ́tọ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ máa sùn sí fún ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì padà sí Old Garage lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú egbò lójú.

Ohun tó pọ́n dandan ju gbogbo ìyẹn lọ kò náni lówó púpọ̀: kí ọwọ́ kúrò lójú. Ẹni tó ṣe cross-linking tó tún ń ra ojú ń fa aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì sí. Aṣọ tútù tó mọ́ lórí ìpéǹpéjú tó ti pa dé, oògùn àléjì tí dókítà kọ. Ẹ má lọ ra oògùn ojú tó ní steroid fúnra yín ní kẹ́mísì fún ọmọ tí ojú ń yún. Ó ń mú ìyún lọ ní tòótọ́, ó sì lè mú gúlákómà wá láì pariwo.

Ọ̀tún mi ti pé ọdún méjì báyìí. K-max rẹ̀ ti wá sí 52.5, kò sì tíì sún láti ìgbà náà. Lẹ́ǹsì líle ló ń fi kàwé, bí mo bá yọ ọ́, iná ọ̀kadà á tún di mẹ́ta. Òsì wà ní 46.9, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa yà á. Ìyá mi kò dúró de máàpù. Ibi tó bá ti ń ro aró, bó bá rí i tí ọwọ́ mi ń gòkè lọ sójú, ọ̀pá aró ló fi ń lu ẹnu ìkòkò, kò, kò. Kì í gbójú sókè. Ọwọ́ mi a sọ̀kalẹ̀.